Ṣé Ọ̀ṣun lè dá dúró bí orílẹ̀-èdè? Ìbéèrè tí àbúrò mi bi mí ní Kúta

Ọjọ́ kejì Iléyá tó kọjá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Kúta, mò ń dúró kó kàn mí. Kúta ni ìlú bàbá mi, ìtòsí Ìwó ló wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédiré, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Iná ò sí. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ilé, àwa mẹ́fà la sì fún ara wa pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì tó yẹ kó gba ẹni mẹ́rin.

Àbúrò mi, ọmọ àbúrò bàbá mi, ló jókòó tì mí. Ọmọ ọdún 23 ni. Ó ti parí ilé ìwé gíga, ó ti wá iṣẹ́ títí, ọ̀kadà ló ń gùn báyìí. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó fi àwòrán káàdì kan hàn mí. Orúkọ rẹ̀ wà lórí káàdì náà, fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀, àsíá kan tí kì í ṣe ti Nàìjíríà sì wà lókè.

"Bọ̀dá, ẹ wò ó. Èmi ti gba tèmi o. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré."

Mo bi í pé ta ló san án fún. Ó ní ẹnì kan tí àwọn jọ wà nínú gúrúùpù WhatsApp ni.

Kí n tó dáhùn, ṣọ́ọ̀bù ti gbaná. Ọ̀kan ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Èkejì ní Yorùbá máa lọ lọ́dún yìí, kò sí ohun tó máa dá a dúró. Ẹni tí wọ́n ń gẹ irun fún lọ́wọ́ wá yí orí padà, abẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a létí, ó ní: "Yorùbá lápapọ̀ ò lè fẹnu kò láéláé. Ọ̀ṣun nìkan ni kó máa lọ! A ní góòlù. Gambia kéré jù wá lọ, ṣebí orílẹ̀-èdè ni Gambia?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àbúrò mi wá yíjú sí mi. "Bọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ̀wé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ dá wa lóhùn. Ṣé ó ṣeé ṣe àbí kò ṣeé ṣe?"

Mo fi àwàdà yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Kí n sọ òótọ́, ojú tì mí, torí mi ò ní èsì kankan ju pé "ẹ fi ìyẹn sílẹ̀" lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni màmá rẹ̀ wá bá mi ní pálọ̀. Wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, bá mi bá a sọ̀rọ̀." Wọ́n ní lọ́dún 2024, bí ààwẹ̀ ṣe parí báyìí, àwọn kan pè é lórí fóònù pé kó wá sí Ìbàdàn, pé iṣẹ́ ìlú ti dé. Ó ti di báàgì. Ibà ló dá a dúbúlẹ̀, kò lè lọ.

Ẹ ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn nígbà yẹn. Sátidé, ọjọ́ 13, oṣù Kẹrin, ọdún 2024, àwọn èèyàn tó wọ aṣọ bíi ti ológun ya wọ ọgbà Sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Agodi, wọ́n ní àwọn ti gba ìjọba, Yorùbá ti di orílẹ̀-èdè. Ọlọ́pàá, ṣọ́jà àti Àmọ̀tẹ́kùn kojú wọn, wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Banji Akintoye àti Sunday Igboho, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá Nation, ní àwọn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Màmá àbúrò mi ò mọ̀ bóyá àwọn wọ̀nyẹn náà ló pe ọmọ wọn. Wọn ò sì fẹ́ mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé: "Ibà ló gbà á là. Ṣé ibà á tún wá lọ́jọ́ mìíràn?"

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Èsì tí mi ò lè fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù, mo fẹ́ kọ ọ́ síbí, torí mo mọ̀ pé bẹ́ǹṣì yẹn gùn ju Kúta lọ. Ó dé Ìbàdàn, ó dé Èkó, ó dé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìbínú yìí ní orírun

Ẹ má jẹ́ ká fi àwọn ọmọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6, oṣù Kẹfà, ọdún 2021, wọ́n ya wọ Ìgangan ní Ìbàràpá, wọ́n pa èèyàn, wọ́n dáná sun ilé. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn ẹ̀, ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, wọ́n pa àwọn tó ń jọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ní Ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá rí àwòrán ọjọ́ méjèèjì tí kò bínú, kí ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò.

Tẹ́ ẹ bá tún gbé àìríṣẹ́, owó oúnjẹ àti owó epo lé e lórí, ẹ ó mọ ìdí tí ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà fún káàdì ilẹ̀ tuntun kò fi dà bíi owó ńlá lójú ọmọ ọ̀kadà. Ìrètí ló rà. Ohun tí mo fẹ́ bi í ni pé, ìrètí tó rà yìí, ṣé ojúlówó ni?

Gambia kéré jù wá lọ lóòótọ́

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rẹ́ wa onírun àgẹ̀ṣẹ́kù ti gba máàkì. Ìkànìyàn ọdún 2006 ní àwa ọmọ Ọ̀ṣun lé ní mílíọ̀nù 3.4. Gambia kò tíì tó mílíọ̀nù 3 títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ilẹ̀ rẹ̀ sì fi díẹ̀ tóbi ju tiwa lọ ni. Bẹ́ẹ̀ ó ní àsíá, ó ní ààrẹ, ó ní ìjókòó ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé.

Ìwé àdéhùn kan wà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Montevideo lọ́dún 1933. Ohun mẹ́rin ló kà pé orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ ní: èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ títí lọ, ilẹ̀ tó ní ààlà, ìjọba, àti agbára láti bá orílẹ̀-èdè mìíràn da nǹkan pọ̀. Ọ̀ṣun ní èèyàn. Ó ní ilẹ̀. Ó ní gómìnà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti ilé ẹjọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní Ọ̀ṣun kéré jù láti jẹ́ orílẹ̀-èdè, kò rò ó dáadáa. Orí ohun kẹrin yẹn ni gbogbo wàhálà wà: ta ló máa gbà pé a ti kúrò?

Òfin wí pé rárá, àmọ́ òfin ní ilẹ̀kùn

Abala 2(1) ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: Nàìjíríà jẹ́ orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo tí kò ṣeé pín, tí kò sì ṣeé tú ká. Kò sí gómìnà tó lè fọwọ́ sí ìwé kí ìpínlẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Òṣogbo ò lè dìbò lórí ẹ̀. Abala 1(2) sì tún kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba ìjọba Nàìjíríà tàbí apá kan rẹ̀ lọ́nà tí ìwé òfin ò là kalẹ̀. Ohun tí wọ́n lọ ṣe ní Agodi gan-an nìyẹn.

Ẹnikẹ́ni lè sọ̀rọ̀ o, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Abala 39 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò yín, abala 40 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti kóra jọ ní àlàáfíà. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kí Yorùbá dá dúró, tó ń kọ ọ́, tó ń sọ ọ́, kò ṣẹ̀ nítorí èrò rẹ̀. Ìbọn ló ń yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Ṣé ọ̀nà kankan wá wà nínú òfin? Ọ̀kan wà, ó kàn há gan-an ni: ká tún ìwé òfin fúnra rẹ̀ ṣe. Abala 9 ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ní Àbújá gbọ́dọ̀ gbà, lẹ́yìn náà kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 24, ó kéré tán, nínú 36 fọwọ́ sí i. Ìyẹn ni pé kí Ọ̀ṣun tó lọ, Kánò, Rivers, Benue àti Borno máa ní ohùn lórí ẹ̀. Ẹ rò ó wò.

Kì í ṣe gbogbo ayé ló ti ilẹ̀kùn báyìí. Ìwé òfin Ethiopia ní abala 39 tó jẹ́ kí ẹ̀yà tó bá fẹ́ kúrò lè kúrò tí wọ́n bá tẹ̀lé ìlànà. Erékùṣù Nevis, tó kéré jìnnà sí Ọ̀ṣun, dìbò lọ́dún 1998 láti kúrò lára St Kitts. Ìdá 62 nínú 100 sọ pé àwọn ń lọ. Wọn ò lọ! Ìdí ni pé òfin wọn ní ó gbọ́dọ̀ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀. Ní Scotland, ìjọba Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀ ló gbà kí wọ́n dìbò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014. Ìdá 55 ní àwọn ò lọ, 45 ní àwọn ń lọ, kò sì sẹ́ni tó yìnbọn.

Ibi tí wọ́n ti lọ lálàáfíà tàbí tí wọ́n ti dìbò lálàáfíà, ẹni tí wọ́n ń fi sílẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà láti jókòó. Èyí ni mi ò tíì gbọ́ kí oníkáàdì kankan ṣàlàyé.

Ẹ̀tọ́ tí wọ́n ń kà sí wa létí

Nínú àwọn gúrúùpù WhatsApp, wọ́n máa ń sọ pé òfin àgbáyé ti fún gbogbo ẹ̀yà lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ọ̀nà tiwọn. Òótọ́ wà níbẹ̀. Abala 20 ìwé àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sọ ọ́, Nàìjíríà sì ti sọ àdéhùn yẹn di òfin ilé láti ọdún 1983.

Apá kejì ọ̀rọ̀ ni wọn kì í kà. Lọ́dún 1992, àwọn ará Katanga gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ síwájú Kọmíṣọ̀nnù Áfíríkà pé àwọn fẹ́ kúrò lára Zaire. Kọmíṣọ̀nnù náà ní ẹ̀tọ́ láti yan ọ̀nà tiwọn wà, àmọ́ ó lè jẹ́ ìjọba ara ẹni nínú orílẹ̀-èdè, ìjọba ìbílẹ̀, tàbí àpapọ̀. Kí ó tó lè di pé wọ́n fọ́ orílẹ̀-èdè, ó gbọ́dọ̀ hàn kedere pé wọ́n ń tẹ ẹ̀tọ́ wọn mọ́lẹ̀ gidigidi, tí wọ́n sì ti dí wọn lọ́wọ́ láti kópa nínú ìjọba. Lónìí tí ọmọ Yorùbá ń jókòó lórí àga ààrẹ ní Àbújá, tani máa gbé ẹjọ́ yẹn lọ tí wọn ò ní rẹ́rìn-ín?

Láti oṣù Keje ọdún 1964, nígbà ìpàdé wọn ní Cairo, ni àwọn olórí Áfíríkà ti fẹnu kò pé ààlà tí Òyìnbó fi sílẹ̀ ni kí gbogbo wọn máa bọ̀wọ̀ fún. Ààlà yẹn burú, mo mọ̀. Lọ́dún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ìlà tó fi Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ sápá Faransé, tó fi àwa sápá Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ ìdí nìyẹn tí orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà fi ń bẹ̀rù láti gba ẹni tó bá yapa: olúkúlùkù ló ní Ọ̀ṣun tirẹ̀ nílé.

Ẹ wo Somaliland. Ọdún 1991 ló ti kéde pé òun ti kúrò lára Sòmálíà. Ó ní owó tirẹ̀, ó ní ọlọ́pàá, ó ń dìbò. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò tíì ní ìjókòó ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. South Sudan ní tirẹ̀ dìbò ní oṣù Kìíní ọdún 2011, ìdá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 99 nínú 100 ní àwọn ń lọ, ó sì di orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ 9, oṣù Keje ọdún yẹn. Kó tó tó ọdún mẹ́ta, oṣù Kejìlá ọdún 2013, àwọn tó jọ gba òmìnira ti dojú ìbọn kọ ara wọn.

A ti dán an wò rí nílé yìí

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti kéde orílẹ̀-èdè tuntun nínú Nàìjíríà láàárín ọdún méjì péré. Isaac Adaka Boro kéde ti Niger Delta ní ọjọ́ 23, oṣù Kejì, ọdún 1966. Ọjọ́ 12 ló lò. Wọ́n dájọ́ ikú fún un, wọ́n tún dárí jì í, ìwọ̀nba ọdún lẹ́yìn ẹ̀ ló kú sógun, tó ń jà fún Nàìjíríà tó ti fẹ́ kúrò lára rẹ̀. Ọ̀gágun Ojukwu kéde Bìáfúrà ní ọjọ́ 30, oṣù Karùn-ún, ọdún 1967. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ọjọ́ 19, wọ́n kéde "Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin" ní ìlú Benin. Ọjọ́ kejì ni ṣọ́jà ìjọba àpapọ̀ wọ ìlú, ó sì parí síbẹ̀.

Bìáfúrà ló pẹ́ jù, títí di oṣù Kìíní ọdún 1970. Orílẹ̀-èdè márùn-ún péré ló gbà á wọlé: Tanzania, Gabon, Côte d'Ivoire, Zambia àti Haiti. Nígbà tó parí, ẹni tó ní owó ní báńkì kó tó di ogun, tó sì ti da á pọ̀ mọ́ owó Bìáfúrà, 20 pọ́n-ùn ni wọ́n kà lé e lọ́wọ́, iye yòówù kó ní.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tó ṣe ṣọ́jà nígbà ogun yẹn. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta Iléyá, mo mú àbúrò mi dání, a lọ kí wọn, mo sì bi wọ́n. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n wá ní: "Ẹni tó bá ti rí ọmọdé tí ebi sọ di arúgbó, kò ní fẹnu rẹ̀ pe ogun mọ́." Wọ́n ní ká wá jẹ ẹran.

Góòlù Ọ̀ṣun, ta ló ni ín?

Ẹ jẹ́ ká gbà pé iṣẹ́ ìyanu ṣẹlẹ̀, gbogbo ayé gbà, kò sógun. Ọ̀la ni Ọ̀ṣun di orílẹ̀-èdè. Kí la máa jẹ?

Góòlù wà nílẹ̀ wa lóòótọ́. Segilola ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ibi ìwakùsà góòlù ńlá àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní Nàìjíríà, ọdún 2021 ló bẹ̀rẹ̀ sí í mú góòlù jáde. Lábẹ́ òfin òní, ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nílẹ̀, ilé iṣẹ́ tó wá láti òkè òkun ló sì ń wa Segilola. Tá a bá dá dúró, góòlù á di tiwa, àmọ́ owó, ẹ̀rọ àti ìmọ̀ tí wọ́n fi ń wà á kò ní di tiwa lọ́jọ́ yẹn. Odò Ọ̀ṣun alára, tí UNESCO kọ igbó mímọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2005, ni àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ti sọ omi rẹ̀ di àwọ̀ amọ̀. Ìyẹn, ṣé Àbújá ló kó wa lọ́wọ́ ró tá ò fi dáàbò bò ó?

Oṣooṣù ni Àbújá ń pín owó epo rọ̀bì, owó orí ọjà àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù fún ìpínlẹ̀. Ọ̀ṣun ò ní epo, kò ní èbúté. A ti rí díẹ̀ nínú bó ṣe máa ń rí tí owó yẹn bá dúró. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni ìjà lórí ta ni alága ìjọba ìbílẹ̀ ti sọ owó ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́. Owó dúró, òṣìṣẹ́ jókòó sílé, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì tì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù kẹ́ ẹ máa ṣe, ẹ ti rí i. Àbúrò mi ní ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká kúrò, kí ẹnì kankan má baà di owó wa mú mọ́. Mo ní ó dáa, níbo lo ti fẹ́ rí owó oṣù àkọ́kọ́?

Wo ojú ọ̀nà náà. Yíká Ọ̀ṣun ni Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Kwara wà. Òkun ò kàn wá. Ìyá tó ń kó gààrí láti Kúta lọ sí Ìbàdàn, Ìwó ló máa gbà, kó gba Lálúpọn. Tí Ọ̀ṣun bá lọ tí Ọ̀yọ́ ò lọ, bọ́ọ̀dà ló máa wà kó tó dé Lálúpọn, kọ́sítọ́ọ̀mù á dúró níbẹ̀, tiwọn àti tiwa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Sẹ̀mẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Àwa ọmọ Ọ̀ṣun tá a kún Èkó fọ́fọ́ ńkọ́, àwa tá a ń ṣiṣẹ́, tá a ń sanwó ilé, tá a ń kàwé níbẹ̀? Àlejò la ó dà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á di ká máa wá físà lọ sí Ìkẹjà.

Àwa ọmọ Òwu ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀

Olówu ni oyè ọba Kúta. Ọmọ Òwu ni wá. Ẹ bi mí pé ta ló fọ́ Òwu. Ní nǹkan bíi ọdún 1821 ni ọmọ ogun Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé nílé, dóti Òwu títí wọ́n fi fọ́ ọ, tí àwọn ọmọ Òwu fọ́n ká, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ara wọn ní Abẹ́òkúta. Yorùbá ló fọ́ Yorùbá. Nígbà yẹn, kò sí Nàìjíríà, kò sí Àbújá, olúkúlùkù ìlú ló dá dúró.

Lọ́dún 1877, Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ tún kojú ara wọn ní Kírìjí. Ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí àlàáfíà, ọdún 1893 ni wọ́n tó tú àgọ́ ká. Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ibi tí wọ́n pàgọ́ sí, Ọ̀ṣun ni méjèèjì wà lónìí. Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ńkọ́? Ìfọ́n àti Ìlobùú, tí ìjọba ní láti kéde kónílé-ó-gbélé fún láìpẹ́ yìí nítorí ilẹ̀? Inú Ọ̀ṣun kan náà ni. Tá a bá dá dúró lọ́la, Ìfọ́n àti Ìlobùú á ṣì máa jí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Mi ò sọ èyí kí Yorùbá lè kéré lójú yín. Mò ń sọ ọ́ torí pé àwọn tó ń ta káàdì máa ń sọ fún wa pé gbàrà tí a bá kúrò lọ́dọ̀ àjèjì, àlàáfíà dé. Àwọn bàbá ńlá wa ní Òwu ò gbé pẹ̀lú àjèjì.

Kí ló wá ṣeé ṣe?

Èsì mi fún àbúrò mi nìyí: ìpínlẹ̀ kan kò lè dá kúrò lára Nàìjíríà fúnra rẹ̀ lábẹ́ òfin òní, ẹni tó bá sì fẹ́ fi ipá ṣe é máa pa ọmọ ọlọ́mọ. Àmọ́ ohun tá a lè gbà láì kúrò pọ̀ ju bá a ṣe rò lọ.

Wọ́n dìbò dá ẹkùn Àárín Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ lọ́dún 1963, lálàáfíà. Nígbà tí ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní agbára tirẹ̀ nínú Nàìjíríà, Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́dún 1955, ó dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ lọ́dún 1959. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá fi Àmọ̀tẹ́kùn lọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n pariwo lé wọn lórí láti Àbújá, wọn ò sì tú u ká. Abala 9 tí mo ní ó há yẹn náà, ó ti ṣiṣẹ́: ní oṣù Kẹta ọdún 2023, wọ́n tún ìwé òfin ṣe, ìpínlẹ̀ wá lè dá iná mànàmáná tirẹ̀ sílẹ̀, kó gbé e kiri, kó pín in, kódà níbi tí iná ìjọba àpapọ̀ ti dé.

Jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ wa, kò sí ohun tó ní ká lọ kéde orílẹ̀-èdè ká tó pa á. Gómìnà àti aṣòfin wa ló yẹ ká bi pé kí ni wọ́n fi agbára ọdún 2023 ṣe. Èyí kì í ní àsíá, kì í ní orin, ẹnikẹ́ni ò sì lè ta káàdì rẹ̀ lórí WhatsApp. Ó máa ń sú èèyàn. Ó sú èmi náà.

Kí n tó padà sí Èkó, mo kọ ìbéèrè mẹ́rin fún àbúrò mi sínú fóònù rẹ̀, pé kó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ta káàdì fún un. Orílẹ̀-èdè wo ló ti gbà wá wọlé? Owó wo la máa ná lóṣù àkọ́kọ́? Ìfọ́n àti Ìlobùú, ta ló máa là wọ́n níjà? Tí wọ́n bá pe àwa lọ sí Ìbàdàn, ọmọ tìẹ náà ńkọ́, ibo ló máa wà?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí. Ó ní ọkùnrin náà ò dáhùn èyí tó ṣáájú. Nígbà tó dé orí ìkẹrin, ó yọ ọ́ kúrò nínú gúrúùpù.

Mo bi í pé káàdì náà ńkọ́. Ó ní ó ṣì wà lọ́wọ́ òun. "Bọ̀dá, ẹgbẹ̀rún márùn-ún mi ni. Àmọ́ mo ti sọ fún mọ́mì pé mi ò lọ síbì kankan."